Ìyá ọlọ́mọ fẹ́ẹ́ lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ẹ ní ó ti dàgbà jù: Àgbà wo lẹ ń wí?

Bí bàbá ẹni ogójì ọdún bá jáde láàárọ̀ tó ní òun ń lọ sí yunifásítì láti lọ kọ́ ìmọ̀ òfin, ńṣe làwọn èèyàn máa kí i kú oríire. Wọn a ní bàbá náà ní ọpọlọ, wọn a tiẹ̀ ti máa pè é ní 'Lọ́yà' kó tó rí ìwé ìgbaniwọlé gbà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ìyàwó ilé ẹni ọdún márùndínlógójì, tó ti bímọ mẹ́ta, sọ l'Ọ́fàdà pé òun fẹ́ẹ́ lọ sílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, kí ẹ wá gbọ́ ohun tí ẹnu yóò máa sọ. "Ṣé ọkọ ẹ̀ ò tọ́jú ẹ̀ ni?" "Ta ni yóò máa se oúnjẹ fáwọn ọmọ?" "Ó ti rí dókítà kan ni, ẹ fi í sílẹ̀." "Nígbà tó bá fi máa kọ́ ọ tán, ṣé kò ní í ti dàgbà ju aláìsàn lọ?" Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ọ̀rọ̀ ọ̀hún yóò ti kúrò l'Ọ́fàdà, ọlọ́kadà yóò ti gbé e dé Mọ́wé, bọ́ọ̀sì yóò sì ti gbé e dé Ìbàfó.

Ìsọkúsọ ni. Ṣùgbọ́n ìsọkúsọ yìí ti dá ọ̀pọ̀ obìnrin dúró, ó sì ti dá àwọn ọkùnrin mìíràn dúró, nítorí ọkùnrin náà ń ṣe nọ́ọ̀sì. Òun ló mú kí ẹlòmíì jókòó sídìí iṣẹ́ tí ọkàn rẹ̀ ò sí níbẹ̀, kó máa ka oṣù, kó máa sọ lọ́dọọdún pé ká ní òun tètè mọ̀ ni. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ ká tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, ká mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ níbẹ̀, ká sì mọ èyí tó jẹ́ òfófó lásán.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí obìnrin kan tó yẹ kí gbogbo nọ́ọ̀sì orílẹ̀-èdè yìí mọ orúkọ rẹ̀, ìyẹn Olóyè Kofowórọlá Àbẹ̀ní Pratt. Èkó ni wọ́n ti bí i ní 1915. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló wù ú láti ìgbà tó wà lọ́mọge, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ò fọwọ́ sí i. Ẹ má sì tètè bú bàbá náà o. Láyé ìjọba òyìnbó nígbà náà, àwọn òyìnbó ló ń ṣe ọ̀gá ní ọsibítù, ọmọ ilẹ̀ wa tó bá ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ wọn, wàhálà rẹ̀ pọ̀ ju iyì rẹ̀ lọ. Ló bá di tíṣà. Ó kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní United Missionary College, n'Íbàdàn, ó padà s'Ékòó, ó ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin nílé ẹ̀kọ́ CMS. Nígbà tó di 1941, ó wọlé ọkọ. Apoògùn ni ọkọ rẹ̀, Olú Pratt.

Tó bá jẹ́ pé bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń ronú lónìí lòun náà ṣe ronú ni, ibẹ̀ ni ìtàn náà ìbá parí sí. Ó níṣẹ́ lọ́wọ́, ó ti lọ́kọ, kí ló tún ń wá? Ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ kọjá sí London láti lọ kọ́ṣẹ́ dókítà, ní 1946 sì ni ìyàwó náà gba ilẹ̀ òyìnbó lọ. Kò torí pé ọkọ ń kàwé kó wá jókòó sílé máa gbọ́únjẹ nìkan. Ọsibítù St Thomas' ló gbà lọ, níbi tí ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì tí Florence Nightingale dá sílẹ̀ ní 1860 wà, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Ẹ ṣírò ẹ̀ wò. Ẹni tí wọ́n bí ní 1915, tó wá wọ kíláàsì nọ́ọ̀sì ní 1946, ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún. Abilékọ ni, tíṣà àná ni. Àwọn ọmọge tí kò tíì lọ́kọ sì ni irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ṣílẹ̀kùn fún láyé ìgbà náà.

Kò rọrùn fún un. Aláìsàn òyìnbó kan wà níbẹ̀ tó ní kí èèyàn dúdú má fọwọ́ kan òun. Ó gbé e mì, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ojú rẹ̀ ló ṣe nígbà tí ìjọba òyìnbó dá ètò ìlera ọ̀fẹ́ wọn, NHS, sílẹ̀ ní 1948, ó sì wà lára àwọn èèyàn dúdú tó kọ́kọ́ ṣe nọ́ọ̀sì níbẹ̀. Ní 1950, orúkọ rẹ̀ wọ ìwé àwọn nọ́ọ̀sì tí ìjọba wọn mọ̀. Ó padà sílé ní 1954, ó sì bá a nílé pé ipò àwọn ọ̀gá ní ọsibítù ṣì wà lọ́wọ́ òyìnbó. Síbẹ̀, kò padà sídìí ṣọ́ọ̀kì. Nígbà tó di 1964, òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ mátírọ́ọ̀nù ní UCH, n'Íbàdàn. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó di ọ̀gá àgbà gbogbo nọ́ọ̀sì lábẹ́ ìjọba àpapọ̀. Ní 1973, wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ Florence Nightingale, ọdún yẹn náà ló di kọmíṣọ́nnà fún ètò ìlera ní ìpínlẹ̀ Èkó. Ọdún 1992 ló fayé sílẹ̀.

Ọdún méjìdínlógún péré ló wà láàárín ìgbà tó wọ kíláàsì ní London àti ìgbà tó jókòó sórí àga mátírọ́ọ̀nù ní UCH. Ẹni tí wọn ì bá ní ó ti dàgbà jù nìyẹn o!

Florence Nightingale fúnra rẹ̀ ńkọ́, òyìnbó tí gbogbo ayé ń fi ṣàpẹẹrẹ nọ́ọ̀sì? Ọdún 1820 ni wọ́n bí i. Àwọn òbí rẹ̀ lówó, wọ́n ní ọmọ olówó kì í ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó di 1851, nígbà tó ti pé ẹni ọdún 31, kó tó ráyè lọ sí Kaiserswerth, nílẹ̀ Jámánì, láti lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú aláìsàn. Àwọn ẹbí òun náà sọ̀rọ̀ títí, ẹnu rẹ̀ wọn. Ìtàn àwọn méjèèjì bára mu bí ìbejì: ilé kọ̀, ọdún ń lọ, wọ́n sì lọ lẹ́yìn tí wọ́n ti lé lọ́gbọ̀n ọdún. Pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò yóò pe baba.

Ẹlòmíì á ní, "Ìyàwó apoògùn nìyẹn, ọmọ olówó sì lèkejì, èmi tí mò ń ta ìrẹsì ní ìkòríta Ọ̀fàdà ńkọ́?" Ìbéèrè tó dáa ni, ẹ jẹ́ ká sì dá a lóhùn láìpurọ́ fúnra wa.

Ohun àkọ́kọ́ tí yóò dí ẹni náà lọ́nà kì í ṣe ọjọ́ orí rárá, ìwé WAEC rẹ̀ ni. Kírẹ́dìtì márùn-ún ni wọ́n ń bèèrè fún iṣẹ́ nọ́ọ̀sì: èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, bayọ́lọ́jì, kẹ́místírì àti físíìsì, wọn ò sì fẹ́ kó ju ìjókòó ìdánwò méjì lọ. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ti dàgbà, kíláàsì kọmáṣà tàbí áàtì ni wọ́n wà nílé ìwé, wọn ò fojú kan kẹ́místírì rí. Èyí tó dùn níbẹ̀ ni pé ìwé ẹ̀rí WAEC kì í bà jẹ́ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Èyí tí èèyàn gbà lógún ọdún sẹ́yìn ṣì jẹ́ tiẹ̀ títí dòní. Èyí tí kò ní nìkan ló kù tó máa wá, WAEC tàbí NECO tí wọ́n ń ṣe níta sì wà fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Lẹ́sìnnì ìrọ̀lẹ́, ọdún kan sí méjì, pẹ̀lú àwọn ọmọ tó lè bí. Kò dùn, ṣùgbọ́n kò pààyàn.

Ohun kejì ni pé nǹkan ti yí padà. Láyé ọjọ́un, ọdún mẹ́ta lèèyàn fi ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì nílé ẹ̀kọ́ tó wà nínú ọgbà ọsibítù, fọ́ọ̀mù ilé ẹ̀kọ́ náà nìkan sì lèèyàn máa rà. Láti bí ọdún mélòó kan sẹ́yìn, wọ́n ti ń sọ àwọn ilé ẹ̀kọ́ wọ̀nyí di kọ́lẹ́ẹ̀jì, ìdánwò JAMB ni wọ́n sì fi ń wọ̀ ọ́: ọdún méjì fún ND, ọdún méjì fún HND. Ti yunifásítì ń gba ọdún márùn-ún. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan sì máa ń kọ ọ́ sínú ìkéde wọn pé ọjọ́ orí báyìí báyìí làwọn ń fẹ́. Kéèyàn bèèrè dáadáa kó tó náwó sórí fọ́ọ̀mù, torí ibi tí ọ̀kan bá ti ní rárá, òmíràn lè ní kó máa bọ̀. Ẹni tó bá sì gbọ́ pé yunifásítì àjókòósílé-kàwé, ìyẹn NOUN, ń ṣe nọ́ọ̀sì, kó yáa mọ̀ pé ẹni tó ti jẹ́ nọ́ọ̀sì tẹ́lẹ̀, tó fẹ́ẹ́ gba dìgírì kún un, ni wọ́n ṣe é fún.

Ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, kò di dandan kéèyàn rìn jìnnà. Ọsibítù Sacred Heart tó wà ní Lántòrò, l'Ábẹ́òkúta, táwọn fádà Kátólíìkì dá sílẹ̀ ní 1895, tí ọ̀pọ̀ èèyàn sì kà sí ọsibítù àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ní ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn náà ní tiwọn. Ní Árò ńkọ́, níbi tí Dókítà Adéoyè Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta, ti sọ ìtọ́jú ọpọlọ di ohun tí gbogbo ayé wá wò láti 1954? Kì í ṣe inú wọ́ọ̀dù nìkan ni Lámbò ti ń tọ́jú àwọn aláìsàn rẹ̀. Ó jẹ́ kí wọ́n máa gbé pẹ̀lú ẹbí wọn láwọn abúlé tó yí ọsibítù ká, láàárín àgbẹ̀ àti ìyálé ilé. Ọkùnrin náà mọ̀ pé àgbàlagbà tó mọ bí wọ́n ṣe ń fara balẹ̀ báni gbé, oògùn ni. Ẹ wá sọ fún wa, ta ló mọ ìyẹn ju ìyá tó ti tọ́mọ lọ, tó ti ṣàìsùn nítorí ibà ọmọ, tó ti gbé ìyá ọkọ tó rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀ wẹ̀?

Wàyí o, ọ̀rọ̀ kan wà tó le jù nínú gbogbo èyí, tí kò sì yẹ kí ojú ti ẹnikẹ́ni láti sọ ọ́. Àwọn tí ọ̀nà gígùn bá ti sú, ọ̀nà àbùjá ni wọ́n máa ń gbà. Ọsibítù aládàáni kan yóò gbé pátákó síta pé àwọn ń kọ́ nọ́ọ̀sì, oṣù mẹ́fà sí ọdún kan, kò bèèrè WAEC, kò bèèrè ọjọ́ orí. Ẹni náà yóò sanwó, wọn yóò rán yunifọ́ọ̀mù fún un, wọn yóò dé e ní fìlà. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ti ń gún abẹ́rẹ́, ó ti ń fa omi sára aláìsàn. Gbogbo àdúgbò ń pè é ní 'Nọ́ọ̀sì', inú rẹ̀ ń dùn. Auxiliary ni wọ́n ń pe irú wọn.

Ọdún márùn-ún, ọdún mẹ́wàá, ó wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá ní kóun wáṣẹ́ sí ọsibítù ìjọba, ibẹ̀ ni wọn yóò ti bi í pé, "Láísẹ́ǹsì dà?" Àjọ tó ń rí sí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ní Nàìjíríà, ìyẹn Nursing and Midwifery Council, kò mọ̀ ọ́n rí. Kò ṣe ìdánwò wọn, orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé wọn. Gbogbo ọdún tó lò níbẹ̀ kò dúró fún ọjọ́ kan nínú kíláàsì. Èyí tó tún burú jùyẹn lọ ni ọjọ́ tí oògùn bá lọ ṣì í lọ́wọ́, tí ọmọ ọlọ́mọ kú sórí bẹ́ẹ̀dì. Lọ́jọ́ náà, ọ̀gá tó dé e ní fìlà ni yóò kọ́kọ́ sọ fún ọlọ́pàá pé ọmọ tó ń gbálẹ̀ fóun ni. Owó rẹ̀ kéré, iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀, ẹ̀wọ̀n sì wà níwájú rẹ̀. Ẹni tó ní òun ò lè fi ọdún mẹ́rin kàwé torí pé òun ti dàgbà, tó wá lo ọdún mẹ́wàá sídìí ohun tí kò níwèé, ta ló fi àkókò ṣòfò nínú wọn?

Ẹni tí kò bá sì lè ṣe ti nọ́ọ̀sì, ọ̀nà kan ò wọjà. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ìmọ̀ ìlera tí ìpínlẹ̀ Ògùn ní lápá Ìjẹ̀bú ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera alábọ́ọ́dé, àwọn tí wọ́n ń pè ní CHEW, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba ìbílẹ̀. Wọn kì í ṣe nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n òfin mọ̀ wọ́n, wọ́n ní ìwé, wọ́n sì ní àjọ tiwọn.

Ká wá sọ pé ìyá náà ti wọlé. Ẹ̀rín á kọ́kọ́ pa á. Àwọn ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì á máa pè é ní 'Mọ́mì'. Tútọ̀ tó ń kọ́ ọ lè jẹ́ àbúrò tó jẹ́ àbíkẹ́yìn ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ orí, síbẹ̀ 'Mà' ni yóò máa pè é, ẹ̀yin ni yóò sì máa kí i. Ní wọ́ọ̀dù, ọmọdé tó fi ọdún kan ṣáájú rẹ̀ wọlé ni síníọ̀ rẹ̀, òun ni yóò rán an pé kó lọ gbé abọ́ ìgbọ̀nsẹ̀. Níbí ni àwọn àgbà kan ti máa ń kọsẹ̀. Wọn a fẹ́ẹ́ fi ipò ìyá ṣe ipò akẹ́kọ̀ọ́, wọn a ní, "Ṣé èmi lò ń bá wí báyẹn?" Kò gba bẹ́ẹ̀. Lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ẹni tó kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n ni ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ náà yóò rí i láìpẹ́ pé nígbà tí òkú bá sùn ní wọ́ọ̀dù lóru tí àwọn ń sunkún ní kọ̀rọ̀, Mọ́mì ló ń di ìyàwó olóògbé mú. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.

Ilé ni ogun gidi wà. Nọ́ọ̀sì ń ṣiṣẹ́ alẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì náà ń ṣe é. Èyí túmọ̀ sí pé alẹ́ kan á wà tí ìyàwó ò ní í sùn sílé, tí ọkọ yóò sì se ẹ̀bà fún àwọn ọmọ. Ọkọ tó bá gbọ́ "Dádì, mo ní ìdánwò lọ́la," tó sì dáhùn pé "Ìyẹn ò kàn mí, ọbẹ̀ dà?", òun gan-an ni yóò fa ìwé yẹn ya, kì í ṣe ọjọ́ orí. Àwọn ìyá ọkọ náà nípa tiwọn. Ìyá ọkọ tó bá ní "Ìyàwó wa, gbé àbíkẹ́yìn wá sọ́dọ̀ mi, lọ kàwé ẹ," ọdún mẹ́rin ló gbà kúrò lórí rẹ̀ yẹn. Ká tó lọ ra fọ́ọ̀mù ló yẹ kí tọkọtaya ti jókòó sọ ọ́: ta ló máa mú ọmọ lọ sílé ìwé, níbo lowó oúnjẹ máa ti wá nígbà tí ṣọ́ọ̀bù bá wà ní títì, ta ló máa dá ẹnu àwọn ẹbí dúró. Èyí tí wọn ò bá sọ ṣáájú, ìjà ni yóò sọ ọ́ fún wọn.

Àwọn tiwa tó wà l'Óyìnbó ti mọ ẹ̀kọ́ yìí tipẹ́. Ní Peckham àti Woolwich, obìnrin Yorùbá tó ti ń tọ́jú àwọn arúgbó kiri, tó ti lé lógójì ọdún, á gba yunifásítì lọ kọ́ nọ́ọ̀sì fún ọdún mẹ́ta, kò sí ẹni tó máa bi í pé ọmọ ọdún mélòó ni. Nígbà tí ìjọba wọn dá owó ìrànwọ́ dúró lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ní England ní 2017, àwọn àgbàlagbà ló kọ́kọ́ kérora, torí àwọn ló ní ọmọ àti owó ilé tí wọ́n ń san. Ìjọba náà rí i, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í fún wọn ní £5,000 lọ́dún láti 2020. Orílẹ̀-èdè tó ń wá nọ́ọ̀sì kì í lé àgbà. Nàìjíríà tí àwọn ọmọ wa ń fi í sílẹ̀ lójoojúmọ́, tí àjọ àwọn nọ́ọ̀sì tiẹ̀ sọ ní 2024 pé ẹni tó bá fẹ́ẹ́ gbé ìwé lọ sókè òkun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ọdún méjì nílé, ṣé òun ló yẹ kó máa lé ìyá tó ní ilé, tó ní ọmọ, tí kò ní í sá lọ síbì kankan?

Ìkìlọ̀ kan ló kù. Àwọn kan máa ń gba kóòtù lọ ṣe àfidáfíìtì, kí ẹni ọdún 38 lè di 27. Ẹ má dán an wò. Ìwé WAEC, ìwé ìbí ọmọ, ìwé ìgbéyàwó, gbogbo wọn ni yóò pàdé lọ́jọ́ kan nínú fáìlì kan náà, irọ́ tó ti ń sùn láti ọdún pípẹ́ yóò sì jí lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ẹ́ gbé èèyàn sípò ọ̀gá. Kí ni ẹni ọdún 38 ń sá fún? Tó bá fi ọdún méjì wá kẹ́místírì rẹ̀, tó fi mẹ́rin kàwé, ẹni ọdún 44 ni. Ká tiẹ̀ fi ẹni ọgọ́ta ọdún ṣe òpin iṣẹ́, ọdún mẹ́rìndínlógún ṣì wà níwájú rẹ̀ tí yóò fi gúnbẹ́rẹ́, tí yóò fi gbẹ̀bí, tí yóò fi gbowó oṣù lórúkọ ara rẹ̀. Bí kò bá sì lọ, ẹni ọdún 44 náà ni yóò pé o, láìní ìwé kankan lọ́wọ́.

Ẹ̀yin ọkọ, ẹ̀yin ìyá ọkọ, ẹ̀yin aládùúgbò l'Ọ́fàdà àti níbi gbogbo, bí ìyàwó kan bá ní òun fẹ́ẹ́ lọ, ẹ má bèèrè ọjọ́ orí ẹ̀ mọ́. Ohun tí ẹ máa bi í ni pé, "Kẹ́místírì ńkọ́?" Bó bá ní òun ò tíì ní in, ẹ bá a wá owó lẹ́sìnnì.